Bí spinnerbait ṣe ń la èpò kọjá: àlàyé fún ẹni tó ń wá ẹja pike àti muskie

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ju spinnerbait, ìdẹ onírin kan tí a fi ń pẹja, sínú adágún kan ní Minnesota ní Amẹ́ríkà, èpò ni mo fà jáde. Kì í ṣe ewé kan tàbí méjì o. Odidi ìdì kan ni, ó tutù, ó ń yọ̀, àfi bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀ tán. Mo tún un jù, ó tún gbé ìdì mìíràn wá. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, tó mú mi lọ sórí omi lọ́jọ́ náà, kàn jókòó sí ìdí ọkọ̀, ó ń wò mí níran. Nígbà tó ṣe, ó ní:

"Àbúrò, ẹja lo wá pa ni, àbí oko lo wá ro?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ pé èyí kì í kó èpò."

"Mo sọ ọ́. Mi ò sọ pé kí o máa fà á bí ẹni tó fẹ́ já okùn kànga."

"Kì í kó èpò" yìí gan-an ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Wọ́n á kà á lára páálí tí wọ́n fi di ìdẹ náà, ọkàn wọn á balẹ̀ bí ẹni pé oògùn kan wà lára rẹ̀ tó ń lé koríko sá. Kò sí oògùn níbẹ̀. Ohun tí spinnerbait ní ni ìdúró. Níwọ̀n ìgbà tó bá dúró bó ṣe yẹ nínú omi, á la èpò kọjá bí ẹni pé wọ́n yà fún un. Bí ìdúró yẹn bá yẹ̀, ó ti di réèkì nìyẹn, iṣẹ́ tí réèkì sì ń ṣe kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ìdúró yìí ni gbogbo àlàyé mi yóò máa yí ká: ohun tó ń mú un dúró, ohun tó ń bì í ṣubú, àti bí ọwọ́ ṣe ń mọ̀ nígbà tí ojú ò rí abẹ́ omi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ rántí pín-ìnnì tí àwọn abiyamọ fi ń so nápíkì kí nápíkì alálẹ̀mọ́ tó dé. Tẹ́ ẹ bá ṣí i, tí apá rẹ̀ méjèèjì yà síra, ẹ ti rí egungun spinnerbait. Wáyà kan ṣoṣo ni, wọ́n ká a sí méjì. Ibi tí wọ́n ti ká a ni imú rẹ̀. Ibẹ̀ la ń so okùn mọ́, ibẹ̀ náà ló sì ń ṣíwájú tá a bá ń fà á. Apá ìsàlẹ̀ ru òjé tí wọ́n rọ bí orí ẹja. Ìwọ̀ ńlá kan wà lẹ́yìn òjé náà, ó kọ ẹnu sókè, yẹ̀rì rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ sì bò ó. Apá òkè ló ru irin pẹlẹbẹ kan tàbí méjì tó ń yí wìrìwìrì. Èmi máa ń pe irin yẹn ní abẹ̀bẹ̀ nítorí bó ṣe ń yí, orúkọ tí n ó sì máa lò nìyẹn.

Spinner tún wà, tí kì í ṣe spinnerbait, orúkọ méjèèjì sì máa ń dà pọ̀ mọ́ra lẹ́nu àwọn ènìyàn. Wáyà ti spinner tọ́ gbọọrọ. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń yí wáyà náà ká, ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta ló sì wà nídìí rẹ̀, nígbà mìíràn méjì irú rẹ̀, tí wọ́n fi irun ìrù àgbọ̀nrín wé. Lójú omi gbangba, ìdẹ tó ń pa muskie gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi kà á: ẹnu mẹ́ta lọ́nà méjì, ẹnu mẹ́fà, kò sí ohunkóhun tó bo ọ̀kankan nínú wọn. Ẹni tó bá gbé èyí wọ inú èpò tó ki, ọjọ́ á pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti spinnerbait kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tá a bá ń fà á, òjé tó wúwo ń fà sísàlẹ̀, abẹ̀bẹ̀ tó ń yí ń fà sẹ́yìn lókè, méjèèjì sì dì í mú lóòró, bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n di ẹrù tó wúwo sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó má baà dojú dé. Imú rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kan igi èpò. Igi èpò náà á wá máa yọ̀ lára wáyà, yálà kó gba òkè lọ tàbí kó gba abẹ́ òjé lọ, nígbà tí ẹnu ìwọ̀ sá pamọ́ sẹ́yìn apá òkè. Ẹ ti rí ọdẹ tó ń wọ igbó lóru: apá ló máa ń gbé síwájú ojú, á fi gbá ẹ̀ka igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ojú tó kọjá. Apá yẹn ni wáyà òkè, ojú yẹn ni ìwọ̀.

Kí ló wá ń bì í ṣubú? Ìdádúró ni àkọ́kọ́. Bí ẹ bá dáwọ́ ríìlì dúró láàárín èpò, ìyẹn kẹ̀kẹ́ ìdí ọ̀pá ìpẹja tí a fi ń ká okùn wálé, abẹ̀bẹ̀ ò ní fà sẹ́yìn mọ́, òjé á gbé e lọ sísàlẹ̀, á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹnu ìwọ̀ á sì yọ síta. Eré àsápajúdé náà ń ṣe é; bí abẹ̀bẹ̀ bá tóbi tí ẹ sì ń yí ríìlì bí ẹni tí wọ́n ń lé, gbogbo rẹ̀ á dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á sì máa fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni wáyà tó ti wọ́, èyí tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í sábà kíyè sí. Ẹja ńlá kan ṣoṣo lè fi ẹnu lọ́ ọ. Spinnerbait tí mo kọ́kọ́ rà, ẹja kékeré tí wọ́n ń pè ní bass ni wọ́n ṣe é fún, ẹni tó tà á fún mi ò sì sọ. Pike kìíní tó gbá a mú lọ́ wáyà rẹ̀ bí ẹni lọ́ aṣọ tó fẹ́ sá, láti ìgbà náà kò tún rìn gún mọ́. Báyìí, lẹ́yìn ẹja kọ̀ọ̀kan, mo máa ń dì í mú kí imú rẹ̀ kọjú sí mi. Bí mo bá wò ó tààrà, wáyà òkè gbọ́dọ̀ bo ẹnu ìwọ̀ mọ́ mi lójú. Bí ẹnu ìwọ̀ bá yọ lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì, pláyà ni mo fi ń tọ́ ọ padà.

Ohun kan tún kù tó fi ọ̀pọ̀ wákàtí jẹ mí níyà kí ẹ̀gbọ́n tó fi hàn mí. Imú spinnerbait oríṣi méjì ni. Ọ̀kan, wọ́n kàn ká wáyà náà bí lẹ́tà R, àyè rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Èkejì, wọ́n lọ́ ọ yípo títí tó fi di òrùka. Àwọn tó ń pa bass máa ń ta kókó okùn wọn sí èyí tó ṣí, kókó náà á sì dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í pa pike àti muskie láìsí wáyà ìdáàbòbò láàárín okùn àti ìdẹ, ìkọ́ tó máa ń wà lẹ́nu wáyà yẹn á sì máa rọra gun apá òkè lọ nígbàkigbà tí okùn bá dẹ̀. Ẹ tún fà á, apá lẹ ń fà, kì í ṣe imú mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ló máa fi wọ inú èpò. Ẹ ra olórùka, tàbí kí ẹ ki rọ́bà kékeré kan bọ ibi tí wáyà ti ká, kí ìkọ́ má rí ibi gùn lọ.

Ta là ń wá nínú èpò ná? Ìbátan kan náà ni pike àti muskie. Orúkọ muskie wá láti ẹnu àwọn Ojibwe, tí wọ́n ti wà ní agbègbè yìí kí òyìnbó tó dé. Maashkinoozhe ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń pe pike ní ginoozhe. Ẹ̀yin náà ń gbọ́ bí ìkejì ṣe wà nínú ìkíní. Ara pike dúdú-dúdú, àmì tó mọ́ sì wà lára rẹ̀. Ti muskie, ara rẹ̀ ló mọ́, àmì ló dúdú, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní àmì kankan. Bí ó bá ṣì rú yín lójú, ẹ yí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ sókè kí ẹ ka àwọn ihò wínníwínní tó wà níbẹ̀. Ti pike kì í sábà ju márùn-ún lọ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ti muskie máa ń jẹ́ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹ má fojú kékeré wo kíkà yìí, nítorí nínú ọ̀pọ̀ adágún Minnesota, muskie tí kò bá gùn tó ínṣì 54 kò ṣeé gbé lọ ilé, òfin pike sì yàtọ̀ pátápátá, ó tún ń yí padà láti ẹkùn dé ẹkùn.

Ẹ wo ẹ̀yìn ẹja méjèèjì. Lẹ́bẹ́ òkè àti ti ìsàlẹ̀ wà lẹ́yìn tán, nítòsí ìrù. Ẹja tí wọ́n dá báyìí kì í ṣe ẹja tó ń sá eré ọ̀nà jíjìn. Ẹja ìfò kan ni. Á dúró jẹ́ẹ́ láàárín igi èpò bí ológbò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ohun tó ń jẹ á kọjá, gbàù, ó ti parí. Ìdí nìyí tí èpò fi jẹ́ ilé wọn: àwọn ẹja wẹ́wẹ́ sá wọ ibẹ̀ fún ìgbàlà, àwọn aláyà líle yìí sì ti dúró dè wọ́n. Òòrùn kì í sì mú lábẹ́ ewé bíi ti gbangba. Àmọ́ o, pike tó ti dàgbà gan-an fẹ́ràn omi tútù. Bí oṣù Keje bá wọlé tí omi etí adágún ti gbóná, àwọn àgbà pike á ti kó lọ sí ibi tó jìn, àwọn ọ̀dọ́ wọn ni yóò kù sínú èpò. Muskie ní tirẹ̀ fara da omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nítorí náà, èpò oṣù Keje lè fún yín ní pike bíi mẹ́wàá tí kò tó gigùn apá, kí muskie kan ṣoṣo wá bà yín lẹ́rù láàárín wọn.

Bó ṣe lè tóbi tó? Ní ọdún 1949, apẹja kan tó ń jẹ́ Cal Johnson fa muskie kan jáde ní Lac Courte Oreilles ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ó wọn páùn 67 àti ààbọ̀, ìyẹn kílò 30 ó lé díẹ̀. Ní Hayward nítòsí ibẹ̀, wọ́n kọ́ ilé kan tó ní ìrísí muskie. Èèyàn lè gba inú rẹ̀ gun òkè lọ sí ẹnu, kó dúró láàárín eyín rẹ̀ máa wo ìlú. Mo ti dúró síbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ò balẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí èpò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlàyé máa ń kùnà: wọ́n á ní "èpò" bí ẹni pé ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀. Nílé wa, a mọ̀ pé ojú oró yàtọ̀ sí òṣíbàtà, a sì ní ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Adágún Minnesota ní òṣíbàtà tirẹ̀, tó tẹ́ ewé rẹ̀ sójú omi bí abọ́. Láàárín igi rẹ̀, abẹ́ ewé, àyè wà, spinnerbait sì lè gba ibẹ̀ bí ẹ bá jù ú sí ojú àlàfo tí ẹ sì fà á gba àlàfo. Ṣùgbọ́n igi òṣíbàtà le bí okùn. Bí ìwọ̀ bá fi lè gún un, ọkọ̀ lẹ máa wà lọ síbẹ̀ láti lọ tú u.

Èyí tí gbogbo apẹja muskie ń wá kiri ni wọ́n ń pè ní cabbage. Kì í ṣe kábéèjì ọjà o, orúkọ lásán ni. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó ní àwọ̀ ewéko tó fẹ́ jọ ti idẹ, igi rẹ̀ dúró ṣánṣán láti ìsàlẹ̀ omi, àlàfo sì máa ń wà láàárín igi kan àti èkejì. Ohun tó mú un ṣe pàtàkì ni pé ó gẹ̀. Ẹ fi ìka méjì ká a, á dún pẹ́, á sì dá, bí ẹ̀fọ́ tútù tí wọ́n já láàárọ̀. Spinnerbait tó bá há sínú cabbage, ẹ kàn gbọn ọrùn ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú agbára, ewé náà á já, ìdẹ á bọ́, abẹ̀bẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹja sì máa ń kọlù ú, torí lójú rẹ̀, ohun tó há ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ tó fẹ́ sá lọ yẹn.

Coontail ni ìdàkejì rẹ̀. Ó rọ̀, ó pọ̀ ní fọ́nrán, ó rí bí ìrù ẹranko, kò sì ní gbòǹgbò tòótọ́ nínú ilẹ̀. Ẹ gbọn ọwọ́ lórí eléyìí, ṣe lẹ túbọ̀ ń dì í. Bẹ́ẹ̀ náà ni milfoil tó wá láti òkèèrè, tí ewé rẹ̀ dà bí ìyẹ́ adìyẹ. Wọ́n ti rí i nínú Lake Minnetonka láti ọdún 1987, ó sì ti ràn dé ọ̀pọ̀ adágún mìíràn. Àwọn wọ̀nyí, ẹ má là wọ́n kọjá. Orí wọn ni kí ẹ gbà, tàbí etí wọn. Bí ewé bá so mọ́ ìdẹ nínú coontail, ẹ yára yí i wálé, ẹ ṣí i kúrò, ẹ tún un jù. Mo ti rí ẹni tó ń jà pẹ̀lú rẹ̀ nínú omi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìdẹ tó ti kú sì ló ń fà kiri.

Lójú tèmi, mímọ èpò tó gẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó rọ̀ ṣe pàtàkì ju mímọ àwọ̀ yẹ̀rì tó yẹ kí èèyàn rà lọ, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ yẹ̀rì ni gbogbo wa ń ná owó lé lórí.

Àsìkò ọdún pẹ̀lú máa ń yí èpò padà. Èpò tó ń hù, tó sì tutù yọ̀yọ̀, ń tú afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí sínú omi lọ́sàn-án. Bí oṣù Kẹsàn-án bá wọlé tí òtútù bẹ̀rẹ̀, èyí tó bá ti di pupa rúsúrúsú tó sì ń jẹrà ń gba afẹ́fẹ́ yẹn padà ni, ẹja á sì fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá rí ojú ibi kan tí cabbage ṣì tutù níbẹ̀ nígbà tí ìyókù ti kú, kó dúró síbẹ̀ kó má lọ.

Bí a ṣe ń fà á wá ńkọ́? Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni kí ó máa gba orí èpò. Ká ní omi jìn tó mítà méjì, tí orí èpò sì ku nǹkan bí ẹsẹ̀ méjì kó dé ojú omi: ẹsẹ̀ méjì yẹn ni ọ̀nà ìdẹ yín. Bí ìdẹ bá ti kan omi, kó má tíì rì, ríìlì gbọ́dọ̀ ti máa yí. Ẹ gbé ṣóńṣó ọ̀pá sókè bó bá ń kan ewé jù, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí kò bá kan nǹkan kan. Ẹ fẹ́ kó máa fọwọ́ kan orí ewé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń fọwọ́ pa orí ọmọdé kọjá. Bó bá jẹ́ pé kò kan ewé rárá, ìdẹ ti ga jù fún ẹja tó sùn sínú èpò.

Ọwọ́ ló ń gbọ́ gbogbo èyí. Abẹ̀bẹ̀ tó ń yí dáadáa ń lu ọwọ́ yín gbì-gbì-gbì láti ara okùn dé ìdí ọ̀pá, kò sì ní dáwọ́ dúró. Ẹ kọ́ ìlù yẹn kí ẹ tó kọ́ ohunkóhun mìíràn: ẹ fà á lójú omi gbangba lẹ́ẹ̀mẹwàá, kí ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, bí ìlù náà bá rọra wúwo tó sì ń lọ, ewé kan ti so mọ́ ìwọ̀. Bí ìlù bá dákẹ́ lójijì tí ìdẹ ṣì ń bọ̀ fúyẹ́fúyẹ́, fọ́nrán kan ti di ibi tí abẹ̀bẹ̀ ti ń yí, ẹ ò sì ní rí ẹja kankan lórí ìfà yẹn. Bí ìlù bá dákẹ́ tí kò sì sí ìwúwo kankan rárá, bí ẹni pé okùn já, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì: ẹja ti gbé e mú láti ẹ̀yìn, ó ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ yí ríìlì kíákíá títí ẹ ó fi gbúròó rẹ̀, kí ẹ wá fa ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tagbáratagbára.

Etí èpò, níbi tí omi ti lọ jìn, ń fẹ́ ọ̀nà mìíràn. Níbẹ̀, ìdádúró tí mo bú lẹ́ẹ̀kan ló wá di ọgbọ́n. Ẹ fà á kọjá orí èpò, bó bá ti yọ sí etí, ẹ jẹ́ kó rì. Abẹ̀bẹ̀ á máa yí bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀, bí ewé igi tó ń já bọ́. Ojú omi gbangba ló ń rì sí, kò sí ohun tí ìwọ̀ rẹ̀ fẹ́ kọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé kò ní dé ilẹ̀.

Ní ti abẹ̀bẹ̀, oríṣi méjì lẹ máa rí jù. Colorado rí roboto bí orí síbí, ó ń yí gbòòrò, ìlù rẹ̀ le, ó sì ń gbé ìdẹ sókè, torí náà ó ṣeé rọra fà. Ó dára lóru àti nínú omi tó dàrú. Willow gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé, ó ń yí mọ́ra, ìlù rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń kọ mànà. Nínú èpò tó ki, willow ni mo máa ń lò, nítorí bí ìyípo bá ṣe fẹ̀ tó ni ewé tó lè kó ṣe pọ̀ tó. Ìwúwo tó wọ́pọ̀ fún muskie jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 28 sí 56, ti pike lè tó ìdajì rẹ̀. Bí ìwọ̀ kékeré kan bá wà tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀yìn ìwọ̀ ńlá, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Okùn tí wọ́n hun, tó lè gbé páùn 80, ni ẹ̀gbọ́n ń lò, èmi náà sì ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe torí pé ẹja wúwo tó bẹ́ẹ̀. Okùn híhun tẹ́ẹ́rẹ́, kì í nà, ó sì ń gé igi èpò bí ọ̀bẹ nígbà tí ẹja bá sá wọ inú rẹ̀. Wáyà ìdáàbòbò tí mo mẹ́nu bà ńkọ́? Mo ti gbìyànjú àìlò rẹ̀ rí. Mo rí i pé ìkọ́ ẹnu rẹ̀ ń kó fọ́nrán, mo bá yọ ọ́, mo so okùn mọ́ imú spinnerbait tààrà. Ní nǹkan bí ìjù ogún, ohun kan gbá ìdẹ náà ní ìgbá kan ṣoṣo, okùn sì padà wá ní fífúyẹ́. Mo wo ẹnu okùn náà: ó gé gẹ́lẹ́, bí ẹni fi abẹ gé e. Ohun tó dùn mí kì í ṣe owó ìdẹ. Ẹja kan ń lúwẹ̀ẹ́ kiri pẹ̀lú irin lẹ́nu nítorí pé mi ò fẹ́ ṣí ewé. Wáyà ẹlẹ́yọ kan, gígùn rẹ̀ bí ẹsẹ̀ kan, tí kò ní ohun ọ̀ṣọ́ kankan lára, ni mò ń lò báyìí.

Ẹni tí kò bá mọ muskie á gbé ìdẹ kúrò nínú omi bó bá ti dé ẹ̀bá ọkọ̀. Ẹja yìí máa ń tẹ̀ lé ìdẹ dé ìdí ọkọ̀ láìṣí ẹnu, á kàn máa wò ó. Torí náà, bí okùn bá ti ku bí ẹsẹ̀ kan kó tó dé ṣóńṣó ọ̀pá, ẹ ti ọ̀pá náà bọ omi, kí ẹ fi ya òǹkà 8 ńlá, kí ìyípo rẹ̀ fẹ̀. Muskie gùn, kò lè ṣẹ́ kọ́nà kékeré. Ẹ ṣe é lẹ́yìn gbogbo ìjù, ẹ̀ báà rí ẹja ẹ̀ báà má rí i. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọ̀kan, ìyípo kejì ni mo wà, ó yọ láti abẹ́ ọkọ̀ bí igi tó ń léfòó, ẹnu rẹ̀ là, mo sì pariwo orúkọ ìyá mi.

Bí ẹja bá kó sínú èpò lẹ́yìn tí ìwọ̀ ti mú un, ẹ má ṣe tú okùn sílẹ̀ fún un. Ẹ máa fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀, tòun ti ìdì èpò. Nígbà mìíràn ewé á bo ojú rẹ̀, á sì rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Àwọ̀n tó fẹ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ jẹ́ kí ẹja wà nínú omi nínú àwọ̀n náà, kí ẹ fi pláyà ẹlẹ́nu gígùn yọ ìwọ̀, kí ẹ sì ní ohun tó lè gé irin nítòsí bí kò bá yọ. Bí omi bá ti gbóná tó nǹkan bíi 27 ní ìwọ̀n Celsius, a kì í lé muskie mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó lè lúwẹ̀ẹ́ lọ lójú yín, kó kú kílẹ̀ tó mọ́.

Níbi tí a ti ń fa ọkọ̀ gòkè lórí ilẹ̀, òfin Minnesota ní kò gbọ́dọ̀ sí ewé kankan lára ọkọ̀ tàbí lára kẹ̀kẹ́ tí a fi ń fà á, kí a sì ti ṣí ìdérí ìdí ọkọ̀ kí omi inú rẹ̀ dà nù, nítorí fọ́nrán milfoil kékeré kan tó ínṣì mélòó kan lè hù nínú adágún mìíràn. Ẹ̀gbọ́n á yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé ó ti parí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, mo ti ń wọlé sínú mọ́tò. Ó ní, "Àbúrò, mú àpótí ìdẹ rẹ wá." Ó ṣí i, ó fi ìka méjì tú yẹ̀rì spinnerbait tèmi, ó fa ewé kan tó dà bí ìyẹ́ adìyẹ yọ ní ìdí ìwọ̀, ó sì jù ú sórí kọnkéré níbi tí òòrùn ti ń mú.